Ẹni Tó Pe Ni Kó Dárúkọ Ara Rẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Àníkẹ́. Ọkùnrin náà ti fi ọdún méjìlélógún gun òpó tẹlifóònù láti Ọ̀jọ́ títí dé Ijanikin, gbogbo ọmọdé Okokomaiko ló sì ń pè é ní Bàbá Wáyà. Lọ́jọ́ tó wá tún tẹlifóònù Àníkẹ́ ṣe, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ní:

“Ìyá, ẹni tó pe ni kó dárúkọ ara rẹ̀. Ẹ má bá a dárúkọ o.”

Àníkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ọlọ́pàá ni mí, Bàbá Wáyà? Ọmọ ọlọ́mọ á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, èmi á wá máa bi í pé ta ni ọ́? Wọ́n á ní mo ti gbàgbé ẹbí. Etí mi yìí, bó bá gbọ́ ohùn èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ó tán.”

“Etí a máa gbọ́ ohun tó bá wù ú,” ni Májẹ́kódùnmí wí. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Àníkẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ọ́fíìsì tẹlifóònù lásán ni.

Ọdún 1994 ni. Àníkẹ́ jẹ́ opó, ará Ìsẹ́yìn, tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìkòkò àti abọ́ níwájú ilé rẹ̀ létí títì. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọdún mẹ́rin tọ ìwé tẹlifóònù náà kó tó kú. Bí kò sì ti sí òmíràn nítòsí, tẹlifóònù ọ̀hún di ti gbogbo àdúgbò. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, nọ́ńbà Àníkẹ́ ló fún un. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà ní Kánò, nọ́ńbà Àníkẹ́ náà ni. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà náà sára ògiri ìta, gàdàgbà-gadagba, pẹ̀lú: TẸLIFÓÒNÙ WÀ NÍBÍ. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tó ń sáré lọ sí Bàdágìrì á rí i kà.

Àwọn mẹ́ta ló ń gbé ilé náà nígbà yẹn: Àníkẹ́ fúnra rẹ̀, Gbàdàmọ́sí ọmọ rẹ̀, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní wáàfù Àpápá, àti Tàíbátù, ọmọ Gbàdàmọ́sí, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Ìyá Tàíbátù ti lọ bímọ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣakí.

Ìgbà òjò ni ìpè àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀kan ní òun ń ta oògùn tó ń wo àrùn méje. Ọ̀kan ní nọ́ńbà Àníkẹ́ ti jẹ fíríìjì, kó yáa sọ orúkọ rẹ̀ àti ojúlé tó ń gbé. Òmíràn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Á kàn máa mí. Àníkẹ́ á ní “Ẹ̀ló, ẹ̀ló,” onítọ̀hún á máa mí sí i létí, títí ara ìyá á fi bù máṣọ, á sì gbé e sílẹ̀.

“Bóyá ẹni tó fẹ́ fẹ́ yín ni, Ìyá,” ni Ọmọ́ṣaléwá, aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tirẹ̀, máa ń wí. “Ojú ló ń tì í.”

“Kò burú. Lọ́jọ́ tí o bá ra tẹlifóònù tìẹ, màá ní kó máa pè ọ́.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bí agogo tẹlifóònù bá ti dún, ọkàn Àníkẹ́ á kọ́kọ́ já kó tó gbé e.

Nítorí náà, inú rẹ̀ dùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gbé tẹlifóònù, tó gbọ́ ohùn ọmọlúwàbí.

“Màmá, ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa lẹ wà?”

“A dúpẹ́ o. Ta nìyẹn?”

“Háà! Màmá! Èmi ni o. Ẹ ò dá ohùn ọmọ yín mọ̀ mọ́?”

Ìtìjú mú Àníkẹ́. Àgbà wo ni kì í dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀? Ó fi etí mọ́ tẹlifóònù dáadáa. Wáyà ń hó ṣàà bí òjò.

“Àdìó? Ṣé Àdìó Kàdúná nìyí?”

Ẹni náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá mi mọ̀, Màmá.”

Àníkẹ́ kígbe ayọ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni Àdìó. Ọdún kẹta rèé tó ti lọ sí Kàdúná, kò kọ lẹ́tà, kò ránṣẹ́. “Ohùn rẹ ti yí padà!”

“Ọ̀fìnkìn ni, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

“Gbàdàmọ́sí? Ó wà ní wáàfù. Aago méje àárọ̀ ló ń jáde nílé, ó di ìrọ̀lẹ́.”

“Ìyàwó wa ńkọ́?”

“Ó ti lọ bímọ ní Ṣakí. Bá wa bẹ Ọlọ́run.”

“Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀. Ọmọ ńkọ́?”

“Tàíbátù! O ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Inú bárékè sójà Ọ̀jọ́ ló ti ń kàwé. Èmi náà ni mo ń lọ mú un bí aago kan bá lù.”

Bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa nìyẹn. Wọ́n á béèrè bàbá, wọ́n á béèrè ìyá, wọ́n á béèrè ọmọ, ẹni tí wọ́n kí á sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àníkẹ́ dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó fi ijó jáde sí ìsọ̀.

Àdìó tún pè lọ́jọ́ kẹta. Ó tún pè lọ́jọ́ kẹfà. Kò tọrọ nǹkan kan. Ó kàn ń kí wọn ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, agogo dún.

“Màmá, ẹ jókòó. Ẹ má pariwo.”

“Kí ló dé, Àdìó?”

“Mo ti wà ní Èkó láti àná. Ẹrù ti já lu Gbàdàmọ́sí ní wáàfù. Ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ Tàíbátù nìkan ló máa bá tirẹ̀ mu. Ẹ sáré lọ mú un ní iléèwé. Mo ti rán dírẹ́bà mi. Ó wọ búlúù, ó wa Píjò funfun. Ìyànà Ìbà ló máa dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà. Ẹ fa ọmọ lé e lọ́wọ́.”

“Èmi náà ń bọ̀!”

“Rárá, Màmá. Ẹ padà sílé kí ẹ jókòó ti tẹlifóònù, màá pè yín. Ẹ má pe wáàfù o, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò fẹ́ kó dé etí ìta. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fi pẹ́, ẹ ò ní bá a láàyè.”

Ó gé e.

Àníkẹ́ kò ti ìsọ̀. Kò wọ bàtà tó bára mu. Ọmọ́ṣaléwá ń pè é, “Ìyá! Ìyá! Kí ló ṣẹlẹ̀?” Kò dáhùn. Wọ́n ti ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gun ọ̀kadà, ó di ẹni tó ń wà á mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ibi tí ọmọ kékeré lè wà tó ní ààbò ju ibi tí Tàíbátù wà lọ. Sójà ló wà lẹ́nu géètì, pẹ̀lú ìbọn. Àjèjì kò lè wọ ibẹ̀ lọ jí ọmọ gbé. Ẹni tí wọ́n mọ̀ nìkan ló lè mú ọmọ jáde, wọ́n sì mọ Àníkẹ́.

“Ìyá oníbọ́kẹ́ẹ̀tì,” ni sójà wí, “aago kan ò tíì lù o.”

“Bàbá ọmọ yìí ló ń kú lọ!”

Sójà ṣí ọ̀nà. Àníkẹ́ ṣe àlàyé fún tíṣà, òun náà sì tú Tàíbátù sílẹ̀, omi lójú. Báyìí ni ìyá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ jáde kúrò lábẹ́ ìbọn sójà, ó ń mú un lọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

“Ìyá àgbà, ibo là ń lọ?”

“Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ.”

“Ṣé abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fi gba ẹ̀jẹ̀ mi máa dùn mí?”

Àníkẹ́ kàn ń fà á lọ́wọ́.

Ìyànà Ìbà kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ibùdókọ̀ ń pe èrò, àwọn ẹlẹ́rù ń pariwo kí èèyàn yà fún àwọn. Lẹ́bàá títì, Májẹ́kódùnmí jókòó lórí àpótí kékeré níwájú kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wáyà tẹlifóònù àdúgbò pé sí, ó ń tú u wò. Àníkẹ́ rí i, ó fẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ Tàíbátù pé ọmọ kì í kọjá lára àgbà láìkí i. Ó já ọwọ́ gbà, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Wáyà, ẹ kú iṣẹ́ o, sà.”

“O ṣé, ìyá mi kékeré. Àbí o ò lọ sí iléèwé lónìí?”

“Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára mi ni, sà.”

Májẹ́kódùnmí gbé ojú sókè. Ó wo Àníkẹ́. Ó wo bàtà rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. “Ìyá, kí ló ń ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ má dá mi dúró, Bàbá Wáyà, mo bẹ̀ yín. Gbàdàmọ́sí ń kú lọ. Àdìó pè. Dírẹ́bà rẹ̀ ń dúró dè wá.”

“Àdìó wo?”

“Ọmọ àbúrò mi! Ọmọ mi ń kú lọ, ẹ̀yin ń bi mí ní Àdìó wo!”

Ọkùnrin náà dìde, ó dúró síwájú rẹ̀, ó gba ọwọ́ Tàíbátù kejì mú. Ohùn rẹ̀ kò sókè. “Ìbéèrè kan péré, Ìyá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè, òun ló sọ pé òun ni Àdìó, àbí ẹ̀yin lẹ pè é ní Àdìó?”

Àníkẹ́ ya ẹnu. Ó tún un pa dé. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú orí, kedere bí ẹni ń lu agogo: *Ṣé Àdìó Kàdúná nìyí?* Ó rántí bí ẹni náà ṣe dákẹ́ díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọjà.

“Dókítà wo ló ń gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún méje fún bàbá?” ni Májẹ́kódùnmí ń wí lọ. “Nọ́ńbà wáàfù Gbàdàmọ́sí dà?”

Àníkẹ́ mọ nọ́ńbà yẹn bó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbá a lọ. Tàíbátù ló kà á. Wọ́n ti fi èédú kọ ọ́ sára ògiri nílé, ó sì ti sọ ọ́ di orin. Ó kọ ọ́ lórin pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n, Májẹ́kódùnmí sì yọ tẹlifóònù kékeré tí wọ́n fi ń dán wáyà wò, tó máa ń so mọ́ bẹ́líìtì, ó fi ẹ̀mú ẹnu okùn rẹ̀ di wáyà kan mú nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó ń yí nọ́ńbà.

Ó pẹ́. Èmi ò lè sọ bó ti pẹ́ tó. Àníkẹ́ sọ pé ó gùn ju ọjọ́ tóun rọbí Gbàdàmọ́sí lọ. Lẹ́yìn náà Májẹ́kódùnmí gbé e sí i létí.

“Ẹ̀ló?” ni ohùn Gbàdàmọ́sí wí, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. “Ta ló ń wá mi? Ẹ̀wà ni mò ń jẹ lọ́wọ́ o.”

Àníkẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ni ó jáde.

“Tàíbátù!”

Ẹni tó pe ọmọ kò jìnnà. Ọkùnrin kan tó wọ búlúù ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà tí wọ́n tò jọ, ó fara ti Píjò funfun. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà bí ìbátan. “Tàíbátù, máa bọ̀! Bàbá ẹ ń dúró!”

Láàárín ọjà tó kún, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin tí wọn kò rí rí ń pe ọmọ wọn lórúkọ. Àníkẹ́ di ọmọ náà mọ́ àyà, ó le débi tí Tàíbátù fi ké. Májẹ́kódùnmí figbe ta: “Ẹ bá mi mú un! Gbọ́mọgbọ́mọ!” Kí àwọn èèyàn tó yíjú, Píjò ti ki eré mọ́lẹ̀, ó ti kọrí sọ́nà Bàdágìrì. Ẹrẹ̀ ni wọ́n fi bo nọ́ńbà rẹ̀.

Wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí, ọlọ́pàá sì kọ ọ́ sílẹ̀. A ò tíì gbọ́ ẹni tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ náà jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìsọ̀ Àníkẹ́ kún fún aládùúgbò. Gbàdàmọ́sí jókòó, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Àníkẹ́ kò lè gbójú sókè wò ó.

“Ibo ló ti mọ gbogbo wa?” ni ó ń wí ṣáá. “Àjẹ́ ni. Èèyàn kọ́.”

“Kò mọ nǹkan kan, Ìyá,” ni Májẹ́kódùnmí dáhùn. “Nígbà tó kọ́kọ́ pè, nọ́ńbà ara ògiri yín nìkan ló ní. Ẹ̀yin lẹ fún un ní orúkọ Àdìó, ó sì gbé e wọ̀, bí ẹni fi ẹ̀wù ọmọ ẹni wọ olè. Bó ṣe wọ̀ ọ́ tán, ẹ kó ilé yín sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ìkíni.”

“Àwọn tó ń mí yẹn ńkọ́?” ni Ọmọ́ṣaléwá béèrè. Kò sí yẹ̀yẹ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

“Òmíràn jẹ́ ọmọ aláìníṣẹ́. Òmíràn ń wò ó bóyá èèyàn wà nílé, bóyá obìnrin nìkan ni, àti ní aago mélòó. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má bú wọn. Ẹ gbé e sílẹ̀. Ìbínú yín gan-an ni oúnjẹ wọn. Bí wọn ò bá ṣíwọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n lè yí nọ́ńbà yín padà.”

“Bí ìyá ọkọ mi bá wá pè ńkọ́? Kí n ní kó dárúkọ? Wọ́n á kó ẹrù mi síta!” ni Ọmọ́ṣaléwá tún wí.

“Ẹ fọ̀wọ̀ bi wọ́n: ‘Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?’ Ìyá ọkọ tó bá fẹ́ràn ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ní bínú.”

Gbàdàmọ́sí dìde nígbà náà. Ó mú ọ̀dà dúdú, ó jáde, ó sì pa nọ́ńbà ara ògiri rẹ́, láti orí dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ méjì kọjá kí agogo náà tó tún dún. Àníkẹ́ gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Màmá, ẹ kú ilé o.”

Ohùn yẹn ni. Ọ̀fìnkìn kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?”

“Háà, Màmá. Èmi ni.”

“Dárúkọ ara rẹ.”

Wáyà ń hó. Ẹni náà ń mí. Àníkẹ́ mọ èémí náà. Ó ti gbọ́ ọ rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kò fi ọ̀rọ̀ kún un. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó sì mú bírò, ó ní kí Tàíbátù bá òun kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Tẹlifóònù jẹ́ ilẹ̀kùn ilé, ẹ ò sì lè rí ẹni tó ń kàn án. Ẹ má bá olùpè dárúkọ. Ẹ má sọ ẹni tó wà nílé, ẹni tó jáde, tàbí aago tí ọmọ ń darí wálé, bí ìkíni rẹ̀ ti wù kó dùn tó. Ẹ má kọ nọ́ńbà yín síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Bí olùpè bá ní kí ẹ yára, tó tún ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ mọ̀ pé ìdẹkùn ni. Ẹ ké sí aládùúgbò, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ tẹ́lẹ̀ pe ẹni tí wọ́n ní nǹkan ṣe. Kí ẹ sì bá àwọn ọmọ yín yan ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ará ilé. Ohùn kì í ṣe ojú.

Tàíbátù ló yan tiwọn. “Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jò” ni.

“Bó jẹ́ ohùn èmi gan-an lo gbọ́,” ni Àníkẹ́ wí fún un, “bí n kò bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, má ṣe padà wá.”

Lọ́jọ́ Ajé, ó sìn ín dé ẹnu géètì bárékè. Ọmọ náà kí sójà, ó wọlé, àpò ìwé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Àníkẹ́ dúró. Kò lè kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù ṣì wà lára rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà á rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ.

“Tàíbátù!” ló ké. “Tàíbátù, padà wá! Ìyá àgbà ń pè ọ́!”

Èjìká ọmọ náà sún kì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di okùn àpò rẹ̀ mú, ó sì ń lọ, ó ń lọ, títí tó fi yà sẹ́yìn iléèwé. Kò bojú wẹ̀yìn.